Ìràwọ̀ Tó Ń Hó

"Ẹlẹ́rìí ilé, kí ni ẹ̀rí rẹ?"

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Etí ló béèrè. Etí kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Ohùn kan náà ló fi ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀. Ìbídùnní dúró níwájú rẹ̀ nínú Ilé Ìjẹ́rìí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí eré ló sá gun òkè láti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀: mo jẹ́rìí. Bó bá ti sọ ọ́, ọkọ̀ Ìtura tó nàró sórí àpáta Ìdànrè níta yóò gbéra lọ sójú ọ̀run, tòun ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn inú rẹ̀, kò sì ní padà wá láéláé.

Ó la ẹnu. Ó tún pa á dé.

"Ìbídùnní." Ọ̀gá Ṣówándé, alábòójútó èbúté, ló pè é láti ẹ̀yìn. Ọkùnrin gíga tó ti hewú ni, kì í pariwo. "Gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti pa dé. Ìwọ nìkan là ń dúró dè."

"Ọ̀gá, mo fẹ́ béèrè ààyè."

"Ààyè kí ni?"

"Ààyè tí òfin fún ẹlẹ́rìí. Mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹlẹ́rìí ọkọ̀ sọ kí n tó la ẹnu mi."

Àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó nídìí ẹ̀rọ wọn yí ojú padà. Ẹlẹ́rìí méjì ló máa ń wọn ìràwọ̀ tí ọkọ̀ kan bá ń lọ bá. Ọ̀kan á wọ ọkọ̀ náà, kó lè jẹ nínú ọbẹ̀ tó sè. Èkejì á dúró sílé, ohùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ọ̀nà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ń gbéra ní Ìdànrè, ẹlẹ́rìí ilé kankan kò tíì béèrè ààyè rí.

"A fún ọ ní ààyè," ni Etí wí, "títí oòrùn yóò fi kúrò lórí Òkè Orósùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ìràwọ̀ Àgbà Pupa ti dí."

Ìbídùnní bojú wo fèrèsé. Oòrùn ṣì ń ràn yòò lórí Orósùn, ṣùgbọ́n òjìji ti ń fà gun ẹsẹ̀ àpáta náà.

Ṣówándé súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó ò ń ṣe yìí? Àwọn ará Òdò-Ayọ̀ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Òkun gba ilé wọn, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó gba ibojì bàbá wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n gba ipò nínú ọkọ̀, wọ́n ti gé e kí wọ́n tó wọlé. Bí ọkọ̀ ò bá lọ, wọn ò nílẹ̀ mọ́ láyé yìí. Orí Òpó ni wọ́n máa padà sí."

Ìbídùnní fọwọ́ kan ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ òun náà, láìmọ̀. Ẹ̀gbà pẹlẹbẹ ni, àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ ilẹ̀ gbígbẹ, kó dáko, kó kọ́lé. Ẹni tí kò bá ní in, orí àwọn òpó irin tó dúró sójú òkun ni ibùgbé rẹ̀.

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Ṣé o sì mọ ohun tí òfin wí nípa ẹlẹ́rìí tó bá dá ọkọ̀ dúró, tí ẹnì kejì rẹ̀ kò bá gbè é lẹ́sẹ̀?"

"Ibi tí àwọn tó dá dúró bá ń gbé ni òun náà á máa gbé."

"Ọmọ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń halẹ̀. Bí ẹni tí àánú ń ṣe ló ṣe sọ ọ́.

Ìbídùnní gbé àpótí tó gbé wá karí tábìlì, ó ṣí i. Gíláàsì dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ó tóbi bí elégédé. Ìkòkò ni àwọn ará ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ pa á lára, iná pupa sì là nínú rẹ̀. Àwòrán afẹ́fẹ́ tó bo ojú Àgbà Pupa, èyí tí ẹ̀rọ náà ń fi ìṣirò yà, ló ń hó níbẹ̀. Èyí tó gbóná á ru wá sókè pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, á fẹ̀ bí ewé kókò, á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, etí rẹ̀ á ṣókùnkùn, òkùnkùn náà á sì já lọ sísàlẹ̀ bí okùn tí wọ́n jù sínú kànga. Òmíràn á tún ru. Kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ bá mi pe Bàbá Láṣebìkan," ni ó wí.

Ojú baba náà yọ lára ògiri. Inú ọkọ̀ ni ó wà, wọ́n ti fi ìgbànú dè é mọ́ àga, fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láṣebìkan ló kọ́ Ìbídùnní níṣẹ́, láti ìgbà tí kò tíì mọ ìràwọ̀ yàtọ̀ sí tanátaná. Òun ni ẹlẹ́rìí ọkọ̀.

"Ìbídùnní, kí ló dé? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó. Ìkòkò parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Mo ní kó o pa ẹ̀rọ yẹn."

"N kò pa á, sà. Ẹ má bínú."

Baba náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kí ló wá rí?"

"Ó ní ọ́síjìn tí a kà sára Àgbà Pupa kò sí níbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí. Bí ọ́síjìn ò bá sí, omi ò sí."

"Ẹ dúró ná," ni Ṣówándé wí. "Inú ìràwọ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ lọ gbé. Ayé tó ń yí ìràwọ̀ náà ká ni wọ́n ń lọ."

"Ìkùukùu bo ayé yẹn, ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó rí ilẹ̀ rẹ̀ rí. Ìràwọ̀ nìkan la rí bi léèrè. Inú eruku kan náà ni Ọlọ́run ti bu ìyá àti ọmọ. Ohun tí kò bá sí lára ìyá, ibo lọmọ ti fẹ́ jogún rẹ̀?"

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín díẹ̀, bó ṣe máa ń rín in nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ọ̀nà àìtọ́ dé ibi tó dára. "Ilà dúdú tí ọ́síjìn fà sínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo kọ́kọ́ fi hàn mí. Nígbà tí a fọ́ ìmọ́lẹ̀ náà bí òṣùmàrè, o kígbe pè mí pé kí n wá wò ó. Ó nípọn bí igi ẹnu ọ̀nà."

"Ó nípọn lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò yín, afẹ́fẹ́ ìràwọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ ni, ìpele lórí ìpele, bí ẹní tí a tẹ́ léra. Kò dúró jẹ́ẹ́. Híhó ló ń hó. Èyí tó bá ru dókè á fẹ̀, bó bá sì ti fẹ̀ á tutù. Lára ìràwọ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, irin á gba ìmọ́lẹ̀ dúró, ara òkè á tún gbóná padà. Irin ò tó nǹkan lára Àgbà Pupa. Kò sí ohun tó ń mú un gbóná padà. Òkè rẹ̀ tutù gan-an, Bàbá, ju bí a ṣe rò lọ. Nínú òtútù yẹn, ìwọ̀nba ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ ń rí ààyè so mọ́ háídírójìn, ó sì ń fa ilà tó nípọn ju iye rẹ̀ lọ. Òtútù la rí, a pè é ní ọ̀pọ̀."

Nínú Ìkòkò, pupa ń ru, dúdú ń rì.

"Ìṣirò mi ló fọ̀nà han gbogbo ọkọ̀ tó kúrò níbí," ni Láṣebìkan wí. "Àwọn èèyàn ti ń ránṣẹ́ padà sí wa. Wọ́n ń mu omi, wọ́n ń gbin iṣu."

"Ìràwọ̀ kéékèèké ni tàwọn yẹn, sà, ọmọ ìyá oòrùn wa. Irin kún ara wọn. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń hó, kì í yí ìdáhùn padà tó báyìí. Àgbà lèyí. Ó ti gbó, ó ti wú, ara rẹ̀ fúyẹ́."

"Ìkòkò lè tàn ọ́ jẹ. Èèyàn ló ṣe é."

"Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ wo ilà irin, Bàbá. Àwòrán rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Bí ìràwọ̀ náà bá dúró jẹ́ẹ́, ó yẹ kí ilà yẹn gún. Ẹ wò ó bó ṣe tẹ̀."

"Ẹ̀rọ awò tí a fi ń wo ìràwọ̀ ló tẹ̀ ẹ́."

"Awò ti Ìdànrè, sà? Ti Mambila ńkọ́? Èyí tó wà lójú òṣùpá ńkọ́? Ṣé apá kan náà ni gbogbo wọn á jọ tẹ̀ ẹ́ sí? Mo ní kí Ìkòkò ya tirẹ̀ láìfi èyíkéyìí hàn án. Bákan náà ló ṣe tẹ̀. Èyí tó gbóná ló ń bọ̀ wá bá wa, èyí tó tutù ló ń sá lọ, àwọn méjèèjì ló ń fa ilà náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ wò ó, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Baba náà tẹ orí ba. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ tó ń tàn sí i lójú. Ó wò ó pẹ́. Ó wá gbé orí sókè.

"Pa ohun yẹn," ni ó wí. "Pa á, kó o sì jẹ́rìí."

Kò bá Ìbídùnní sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ìbídùnní kọ́kọ́ rò pé ìbínú ni. Nígbà tó tún ojú rẹ̀ wò, ó rí i pé ìbínú kọ́. Ẹ̀rù ń ba baba náà. Ìbídùnní kò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Obìnrin kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga Láṣebìkan. Ó ti tú ìgbànú tirẹ̀. Òun ni olórí àwọn arìnrìn-àjò, Ìyá Ọmọ́yẹlé ni gbogbo Òdò-Ayọ̀ ń pè é. Ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ wọ odò.

"Ta ló dá wa dúró?"

"Èmi ni, Ìyá. Ìbídùnní lorúkọ mi. Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Ìjókòó ti sú wa. Ooru ń mú àwọn ọmọ. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilà, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìkòkò, a sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀ níbí. Èmi, ìbéèrè kan ni mo ní. Omi wà níbi tá à ń lọ àbí kò sí?"

"Ó wà, Ìyá. Ṣùgbọ́n kò ní tó."

"Kò ní tó ta?"

"Kò ní tó gbogbo yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dé á rí mu. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bá bí síbẹ̀…"

Ìyá Ọmọ́yẹlé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. "Èyí tó pọ̀ jù ló lé wa nílé. O wá ní èyí tó kéré jù ló ń dúró dè wá lóko."

"Ó ṣeé ṣe kí n ṣìnà, mà. Mo gbàdúrà kí n ti ṣìnà."

"Bó o bá ṣìnà ńkọ́? Ṣé o ti dé Orí Òpó rí?"

"Rárá, mà."

"Ibẹ̀ ni àìsàn ti mú Ọmọ́yẹlé, ọmọ mi. Ikọ́ ni. A gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí ilẹ̀, wọ́n ní ká fi ẹ̀gbà hàn. A ò tíì ní nígbà náà. Ilé ìwòsàn wà níwájú wa, à ń rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń rìn lọ rìn bọ̀. Orí ẹsẹ̀ mi ló kú sí." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. "Mi ò ní kó o má ṣe ohun tó yẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ dá wa padà síbẹ̀, ọmọ mi, kó dá ọ lójú."

Ìbídùnní kò lè wo ojú obìnrin náà mọ́. Ó wo Ìkòkò. Ó ń wá ibi tí àṣìṣe lè wà, bó ṣe ti ń wá a láti òwúrọ̀, bó ṣe ti ń wá a láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí kò fẹ́ rí hàn án. Ó mọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò sọ jáde. Bó bá jẹ́rìí, kò sẹ́ni tó máa bi í. Àgbà Pupa jìnnà débi pé ìròyìn kankan kò ní ti ibẹ̀ dé kí wọ́n tó sin òun. Ọmọ rẹ̀ á lọ sílé ìwé, á padà wálé, á jẹun. Oko ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá Alade á máa so. Ẹni tí òùngbẹ bá gbẹ kú níbi tó jìn tó yẹn, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀?

Òjìji ti dé èjìká Orósùn.

Ó rò pé òun á gbàdúrà, kò rí àdúrà kankan gbà. Ó kàn rí i pé ẹsẹ̀ òun ti gbé òun dé iwájú Etí.

"N kò jẹ́rìí," ni ó wí.

Ariwo sọ nínú ọkọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ láti ara ògiri: àwọn kan ń lu irin, àwọn kan ń ké pe Jésù, ọkùnrin kan ń ṣépè fún un pé kò ní rí ilẹ̀ sin ara rẹ̀ sí. Etí kò dúró de kí ariwo rọlẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí ilé kọ̀. Kí wọ́n gé ẹ̀gbà rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ọkọ̀, ṣé o dúró lórí ẹ̀rí rẹ?"

Ṣówándé fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé ẹ̀gbà. "Má bínú," ni ó wí, kò sì gbójú sókè. Ẹ̀gbà náà já pẹ̀lú ìró kékeré, ó bọ́ sílẹ̀, àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣá. Ibi tó wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ìbídùnní mọ́lẹ̀ ju ara yòókù lọ, bí awọ ọmọ tuntun.

Ṣówándé yíjú sí ògiri. "Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí Etí bi yín. Bí ẹ bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yín, àwọn èèyàn yìí ti pàdánù ipò wọn nìyẹn, Orí Òpó ni tiwọn títí ayé, obìnrin yìí á bá wọn lọ. Bí ẹ bá gbà pẹ̀lú rẹ̀, ìràwọ̀ ló jẹ̀bi, kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀gbà kálukú á padà sọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa gbé lórí ilẹ̀ títí a ó fi rí ìràwọ̀ mìíràn fún wọn."

Láṣebìkan tún wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀.

"Bàbá," ni Ìbídùnní wí, "ẹ rí i pé ó tẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ rí i."

"Àjọkẹ́ ńkọ́?"

Ohùn baba náà kéré débi pé wọ́n kọ́kọ́ rò pé ara ẹ̀rọ ló ti wá.

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Àjọkẹ́ ọmọ mi. Ọkọ̀ Ìdẹ̀ra ló wọ̀. Ìràwọ̀ Òdòdó ni wọ́n ń lọ bá. Àgbà ni Òdòdó náà, Ìbídùnní. Òun náà kò nírin lára. Ìṣirò mi yìí kan náà ni mo fi wọ̀n ọ́n." Ó yọ fìlà rẹ̀, ó dì í mú sáàárín ọwọ́ méjèèjì. "Kò fẹ́ lọ. Ó ní òun fẹ́ dúró tì mí lọ́jọ́ ogbó. Èmi ni mo lé e. Mo ní omi pọ̀ níbẹ̀ ju ti Ọ̀ṣun lọ. Bí mo bá sọ lónìí pé òótọ́ lo wí, kí ni mo sọ pé mo ṣe fún ọmọ mi?"

Ìbídùnní rántí Àjọkẹ́. Ó rántí bí gbogbo wọn ṣe jọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, bí ọmọbìnrin náà ṣe ń bojú wẹ̀yìn. Ní gbogbo àsìkò tí Ìkòkò fi ń hó, kò ronú kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Ọmọ́yẹlé ló fèsì. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ojú rẹ̀ àti ti baba náà ṣe déédéé.

"Bàbá, ṣé ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀?"

"Rárá. Ojú ọ̀nà ni wọ́n wà. Oorun ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn."

"Ṣé a lè pè wọ́n?"

Láṣebìkan wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ara rẹ̀, tí kò rántí. "Ìmọ́lẹ̀ yára ju ọkọ̀ lọ," ni ó wí nígbà tó yá. "Bí a bá ránṣẹ́ báyìí, á lé wọn bá kí wọ́n tó débẹ̀."

"Tèmi ti kọjá à-ń-pè, Bàbá. Mo pe Ọmọ́yẹlé títí ilẹ̀ fi ṣú, kò jẹ́ mi. Tiyín ṣì ń bẹ lójú ọ̀nà. Kí lẹ wá ń dákẹ́ fún?"

Baba náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò fọwọ́ bo ojú. Ó sun ún níṣojú gbogbo wọn, èjìká rẹ̀ ń mì, Ìyá Ọmọ́yẹlé sì di ìka rẹ̀ mú pa pọ̀ mọ́ fìlà náà. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè.

"Etí. Èmi Láṣebìkan, ẹlẹ́rìí ọkọ̀. N kò jẹ́rìí mọ́."

"Ẹlẹ́rìí méjèèjì ti kọ̀," ni Etí wí. "Ìràwọ̀ ló jẹ̀bi. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

Àwọn ará Òdò-Ayọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta tó gbóná. Kò sẹ́ni tó kọrin. Àwọn kan jókòó síbi tí ẹsẹ̀ wọn dé, wọ́n ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni ń wo òkú. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n kọjá lára Ìbídùnní, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣówándé ti ń pín ẹ̀gbà fún wọn láti iwájú ìlà wọn. Ó na ti Ìbídùnní sí i, Ìbídùnní fi sápò, kò ráyè wọ̀ ọ́, nítorí ó rí Láṣebìkan tó ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí Ìyá Ọmọ́yẹlé di apá rẹ̀ mú.

Wọn kò kí ara wọn. Baba náà kọjá lọ tààrà sínú Ilé Ìjẹ́rìí, ó dúró níwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ibo ni mo máa ní kí wọ́n yà sí?" ni ó bi Ìbídùnní. "N kò ní ìràwọ̀ kankan tí mo lè fún wọn."

"Ẹ kọ́kọ́ jí wọn ná, sà. Kí èsì wọn tó dé, a ó ti se gbogbo ìràwọ̀ tó wà lójú ọ̀nà wọn nínú Ìkòkò. Èmi àti ẹ̀yin. A ó rí ọ̀kan."

"Bí a ò bá rí ńkọ́?"

"Wọ́n á padà wálé, Bàbá."

Baba náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi fìlà rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ ẹnu súnmọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí etí ọmọ tó ń sùn.

"Àjọkẹ́," ni ó wí. "Jí, ọmọ mi. Bàbá rẹ ni. Ibi tí mo ní kó o lọ kò dáa. Jí, kó o sọ fún wọn kí wọ́n yí ọkọ̀ padà."